Bí A Ṣe Ń Fi Àwòrán Sátẹ́láìtì Ṣọ́ Igbó ní Gúúsù Kwárà

Ẹni tó bá ti Àjàṣẹ́-Ìpo gba Òró lọ sí Òmù-Àrán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò lè ṣàì rí àwọn àpò èédú tí wọ́n tò sí etí títì, tí wọ́n fi koríko dí lẹ́nu, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tí yóò kó wọn lọ sí Ìlọrin tàbí Èkó. Igi tí wọ́n sun di èédú yẹn kò hù sí etí títì. Inú igbó tó wà lẹ́yìn oko, níbi tí ojú èrò ọkọ̀ kò lè dé, ni wọ́n ti gé e. Ìdí nìyí tí igbó fi ń tán láìjẹ́ pé ìlú fura: ibi tí a ń kọjá lójoojúmọ́ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ibi tí a kì í dé ti di pápá gbalasa.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí mo ti ń fi àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà láti ojú ọ̀run ṣọ́ igbó etí odò kan tó jẹ́ ti ìlú ìyá mi ní ilẹ̀ Igbómìnà. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹnikẹ́ni ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà, ní Ìlọfà tàbí ní abúlé èyíkéyìí tó ní fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, tó sì ní igbó kan tí kò fẹ́ kó run lójú òun. Kì í náni lówó púpọ̀, nítorí ọ̀fẹ́ ni àwọn àwòrán náà. Détà, sùúrù àti ẹsẹ̀ tó lè rìn ni yóò gbà. Mo dárúkọ ẹsẹ̀ nítorí ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: àwòrán sátẹ́láìtì ń sọ ibi tó yẹ kí a lọ wò, kì í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ojú tí ẹ ó fi wò

Sátẹ́láìtì tó ń ya ilẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni ẹ nílò láti mọ̀ dáadáa. Àkọ́kọ́ ni Landsat ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí èkíní rẹ̀ gòkè lọ ní oṣù keje ọdún 1972, tí wọ́n sì ń fi tuntun rọ́pò èyí tó bá ti gbó títí ó fi kan Landsat 9 ní ọdún 2021. Láti ọdún 2008 ni àwọn àwòrán rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé, òun ló sì jẹ́ kí a lè mọ bí ilẹ̀ kan ti rí ní ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Èkejì ni Sentinel-2 ti àwọn ará Yúróòpù. Ọdún 2015 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ gòkè, ìkejì sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2017. Bí méjì bá jọ ń ṣiṣẹ́, láàárín ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń padà wá sórí ibi kan náà. Orílẹ̀-èdè tiwa náà gbé NigeriaSat-1 lọ sójú ọ̀run ní ọdún 2003, ó sì fi NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X kún un ní ọdún 2011, ṣùgbọ́n Landsat àti Sentinel ni aráàlú lè ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí láìkọ̀wé tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ má retí pé ẹ ó rí orí ènìyàn nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí. Igun mẹ́rin kéékèèké tí wọ́n ń pè ní píksẹ̀lì ni wọ́n fi ṣe é, bí ìgbà tí wọ́n fi òwú hun òfì. Píksẹ̀lì kan nínú Landsat jẹ́ mítà 30 ní gígùn àti mítà 30 ní fífẹ̀, ìyẹn sì tó pílọ́ọ̀tì ilé méjì, irú pílọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 tí a ń rà. Ti Sentinel-2 jẹ́ mítà 10 sí mítà 10, nítorí náà nǹkan bíi 40 irú rẹ̀ ló wà nínú éékà oko kan, nígbà tí ti Landsat kò pé márùn-ún. Ìṣirò yìí ṣe pàtàkì. Bí àwọn onígẹdú bá wọ igbó, tí wọ́n gé igi kósò kan níhìn-ín, tí wọ́n sì gé ìrókò kan lọ́hùn-ún, sátẹ́láìtì ọ̀fẹ́ lè má rí i rárá, nítorí ewé àwọn igi tó yí i ká yóò tètè bo ojú ibẹ̀. Ohun tí yóò rí ni ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù là wọlé, ibi tí wọ́n ń kó ìtí igi jọ sí, oko tuntun, àti ibi tí àwọn asun-èédú ti gé mọ́lẹ̀ pátá. Igi tí wọ́n ń mú lọ ní ẹyọ ẹyọ, àwọn ọdẹ àti àwọn obìnrin tó ń ṣa èso ẹ̀mí ni yóò máa rí i fún yín.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé sátẹ́láìtì ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ewé tí ara rẹ̀ dá máa ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa sára láti fi ṣe oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó ń dá ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní infrared padà lọ́pọ̀lọpọ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti inú èyí ni wọ́n ti mú òṣùwọ̀n NDVI jáde: ẹ yọ ìmọ́lẹ̀ pupa kúrò nínú infrared, kí ẹ wá fi àpapọ̀ àwọn méjèèjì pín ohun tó kù. Bí igbó kan bá dá infrared 0.40 padà, tó sì dá pupa 0.05 padà, 0.35 tí a fi 0.45 pín yóò fún wa ní nǹkan bíi 0.78, ìyẹn igbó tó kún. Bí wọ́n bá ti ro ibẹ̀, tí infrared di 0.25, tí pupa sì di 0.20, òṣùwọ̀n náà yóò já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 0.11. Ẹ kò ní fi ọwọ́ ṣe ìṣirò yìí rárá, kọ̀ǹpútà ni yóò bá yín ṣe é, ṣùgbọ́n ó dára kí ẹni tó ń fi nǹkan ṣe ẹ̀rí mọ ibi tí ó ti wá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ààlà igbó náà

Àṣìṣe tí mo rí jù lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n á ṣí máàpù, wọ́n á sì máa wá ibi tí ewé ti dín kù káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀. Igbó kan ṣoṣo tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀, tí ẹ mọ odò tó gba inú rẹ̀ ṣàn, tí ẹsẹ̀ yín sì lè dé, ni kí ẹ mú. Ẹ mú ìwé àti bírò lọ bá àwọn àgbà, pàápàá àwọn ọdẹ, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ibi tí igbó náà ti bẹ̀rẹ̀, odò tàbí àpáta tó jẹ́ ààlà rẹ̀, ìdílé tí oko wọn bá a pààlà, àti irú igi tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá igbó ọba ni, tàbí igbó ìdílé, tàbí igbó orò. Èyí tó bá jẹ́ igbó orò, ẹ má ṣe ya ààlà rẹ̀ sórí ohunkóhun láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, irú igbó bẹ́ẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù tí igi ńlá ṣì wà, ìbẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ ló sì pa á mọ́. Kí àwa má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí lórí fóònù.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé Google Earth Pro sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá ìlú yín, ẹ fi irinṣẹ́ tó ń ya ààlà tọ ẹ̀bá igbó náà bí àwọn àgbà ti sọ, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fáìlì KML. Bí ẹ bá ṣí ààlà náà, yóò sọ bí ilẹ̀ inú rẹ̀ ti tóbi tó fún yín. Àmì aago kan wà lórí rẹ̀ tó ń fi àwòrán àtijọ́ hàn. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi àwòrán náà han àwọn àgbà kan náà tí ẹ lọ bá. Nígbà tí mo ṣe èyí níwájú bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó fi ìka tẹ ojú kọ̀ǹpútà níbi tí odò ti yà sọ́tùn-ún, ó ní, "Ibí yìí ni a ti ń pẹja nígbà náà, igi ọmọ kan wà lórí omi yẹn." Mo fi ọ̀rọ̀ náà kọ àkọsílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà. Títí di òní, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò bí àwòrán tuntun bá dé.

Oṣù kan náà ni kí ẹ fi wé ara wọn

Bí ẹ bá máa fo gbogbo ìyókù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo apá yìí. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa, kì í ṣe igbó kìjikìji bíi ti Kongo tàbí ti Cross River tó máa ń tutù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Òjò wa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Igbe, ó sì ń dá ní oṣù Ọ̀wàrà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, ọ̀pọ̀ igi á wọ́wé, koríko á gbẹ, àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ á tiná bọ igbó, ojú ilẹ̀ á sì dúdú. Àwòrán oṣù Èrèlé máa ń dà bí ìgbà tí ogun jà níbẹ̀. Nígbà tí oṣù Èbìbí bá dé, ibi kan náà á tún ti rú.

Èmi náà ti gba ibẹ̀ ṣìnà. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo fi àwòrán oṣù Bélú wé ti oṣù Èrèlé tó tẹ̀ lé e, mo sì rí àbàwọ́n pupa rúsúrúsú kan tó fẹ̀ tó ogójì éékà. Mo gbé e lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, mo sì sọ fún wọn pé wọ́n ti gé igbó náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnu ti ń kùn àwọn tó gbin kajú sí ẹ̀bá ibẹ̀, wọ́n sì ti fẹ́ ránṣẹ́ pè wọ́n sí ààfin. Bàbá ọdẹ kan ló dá mi dúró. Ó wo àwòrán náà títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti débẹ̀?" Mo ní n kò tí ì débẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ ká lọ." Nígbà tí a débẹ̀, kò sí kùkùté kan. Gbogbo igi dúró sí àyè wọn láìléwé, eérú sì kún ilẹ̀ débi tí ó fi ń bo ọrùn ẹsẹ̀ wa. Èèpo igi ẹ̀mí tó wà níwájú wa dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n òdòdó ti ń tú lórí ẹ̀ka rẹ̀, oyin sì ń kùn lára wọn. Iná ọdún ló gba ibẹ̀ kọjá, ohunkóhun kò ṣe igbó. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo dìde dúró, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn alákajú náà níwájú gbogbo ènìyàn. Wọ́n dárí jì mí, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé bí ojú wọn ti rí.

Láti ìgbà náà, àkókò méjì péré ni mo ń lò láàárín ọdún. Àkọ́kọ́ ni ìparí oṣù Ọ̀wàrà sí ìparí oṣù Bélú: òjò ti dá, ìkùukùu ti ká kúrò lójú ọ̀run, ewé ṣì wà lórí igi, iná kò tí ì wọ igbó, eruku ọyẹ́ kò sì tí ì bo ojú sátẹ́láìtì. Mo máa ń fi Bélú ọdún yìí wé Bélú ọdún tó kọjá, kì í ṣe oṣù mìíràn. Èkejì ni oṣù Èrèlé sí Ẹrẹ̀nà, èyí tí mo ń lò fún igbó etí odò nìkan. Ní àkókò yẹn, gbogbo koríko ti gbẹ, nítorí náà àwọn igi tó ń mu omi odò, tí kì í wọ́wé tán, ni yóò kù ní tútù, wọn á sì hàn bí ọ̀já aláwọ̀ ewé tí wọ́n tẹ́ sórí ilẹ̀ pupa. Ibi tí ọ̀já náà bá já, ẹ fi ìka sí i. Èrèlé ni kí ẹ fi wé Èrèlé.

Bí a ṣe ń ṣí àwòrán náà

Ẹ wá Copernicus Browser lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ lè máa tọ́jú iṣẹ́ yín síbẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ ìlú yín sínú àpótí ìwádìí láìfi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì gbé fáìlì KML tí ẹ ti ṣe sórí rẹ̀ kí ààlà igbó lè hàn. Ẹ yan Sentinel-2 L2A, nítorí pé èyí ni wọ́n ti fọ ìdíwọ́ afẹ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ fa ìwọ̀n ìkùukùu wálẹ̀ sí ìdá 10 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ wá yan ọjọ́. Bí fóònù bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ lọ lo kọ̀ǹpútà ní káfè tàbí ní ilé ẹ̀kọ́. Ojú kọ̀ǹpútà fẹ̀, ó sì rọrùn láti fi ṣe ìfiwéra.

Ẹ wo ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ní àkọ́kọ́, ẹ wò ó ní àwọ̀ gidi, bí ojú ènìyàn ì bá ti rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ yan False Color, níbi tí ewé tútù yóò ti pọ́n bí aró pupa, tí ilẹ̀ gbígbẹ yóò sì ṣú tàbí kó funfun. Ojú tètè ń mọ ìyàtọ̀ níbẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ìkẹta, ẹ yan NDVI. Bí ibì kan bá yí padà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó yẹ kí ẹ fura. Bí ó bá yí padà nínú ẹyọ kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ òjìji ìkùukùu, ẹ sì wo àwòrán ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Irinṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Compare, tí ẹ ó fi to ọjọ́ méjì lé ara wọn, kí ẹ sì máa fa ọ̀kan kúrò lórí èkejì bí ẹni ṣí aṣọ lójú fèrèsé. Ẹ fi irinṣẹ́ ìwọ̀n yí ibi tó yí padà ká, kí ẹ sì kọ iye hẹ́kítà rẹ̀ sílẹ̀. Hẹ́kítà kan jẹ́ nǹkan bí éékà méjì àbọ̀.

Nígbà òjò, ìkùukùu kì í jẹ́ kí Sentinel-2 rí ilẹ̀ dáadáa. Ti ìgbà náà ni Sentinel-1, sátẹ́láìtì rédà tó gòkè ní ọdún 2014, tó ń rán ìgbì rédíò tirẹ̀ wálẹ̀, tó sì ń ríran kọjá ìkùukùu àti òkùnkùn. Àwòrán rẹ̀ dúdú àti funfun ni, ó sì ṣòroó kà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí omi tó wà nínú ilẹ̀ náà ń yí i padà. Ẹ fi í sílẹ̀ títí ọwọ́ yín yóò fi mọ́ èyí tí mo ti sọ.

Àwọn ìkìlọ̀ tó ń wá fúnra wọn

Ojú òpó Global Forest Watch, tí World Resources Institute dá sílẹ̀ ní ọdún 2014, ń kó àwọn máàpù ìpàdánù igi jọ fún gbogbo ayé, ó sì lè fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì yín bí nǹkan bá yí padà nínú ààlà tí ẹ yà. Ó wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí ẹ ó ṣe lò ó nílẹ̀ tiwa. Máàpù ọdọọdún tó wà lórí rẹ̀, tí Yunifásítì Maryland ṣe, ń ka igi tó ga ju mítà márùn-ún lọ, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ewé igi ti bo ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀. Púpọ̀ nínú ọ̀dàn wa kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ lọ sí ibi ètò, kí ẹ fà á wálẹ̀ sí 10 tàbí 15, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dà bí ẹni pé a kò ní igi kankan tí a lè pàdánù. Ẹ má sì ṣe fi àwọn ọdún tó ṣáájú 2015 wé àwọn tó tẹ̀ lé e láìṣọ́ra, nítorí pé wọ́n tún ọ̀nà ìṣirò ṣe, ojú sátẹ́láìtì náà sì ti mú sí i. Bí òṣùwọ̀n bá fò sókè lẹ́yìn ìgbà náà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni igi tí wọ́n gé.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí nípa máàpù yẹn. Kajú ni, tíkì ni, ọ̀pẹ ni, igi ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá gé igbó ọgbọ̀n éékà lónìí, tí wọ́n sì gbin kajú síbẹ̀, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ibẹ̀ yóò tún tutù lójú sátẹ́láìtì, ẹni tó wà ní ọ̀nà jíjìn yóò sì rò pé igbó ti padà. N kò ní ohun búburú láti sọ nípa kajú. Owó rẹ̀ ló ń rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ níbí. Ṣùgbọ́n kò sí igi irú kan tó lè ṣe iṣẹ́ apá, ìrókò, igbá àti ẹ̀mí tó wà pọ̀ sójú kan. Ẹ fi Google Earth wò ó: igi gbíngbìn máa ń wà ní ìlà, igbó kì í tò.

Nínú àwọn ìkìlọ̀ tó wà lórí Global Forest Watch, èyí tó ń jẹ́ RADD ń lo rédà, ó sì dára púpọ̀, ṣùgbọ́n igbó kìjikìji ni wọ́n ṣe é fún. DIST-ALERT ló bá ọ̀dàn mu jù, nítorí pé gbogbo ewéko ló ń ṣọ́, kì í ṣe igi nìkan. Àbùkù rẹ̀ ni pé yóò ké sí yín bí iná bá jó koríko. Áàpù Forest Watcher yóò gbé ìkìlọ̀ wọ̀nyí wọ inú fóònù yín kí ẹ lè rí wọn nínú igbó níbi tí kò ti sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Fún iná, ẹ lo FIRMS ti NASA, tó máa ń fi ibi tí iná wà hàn láàárín wákàtí mélòó kan. Àmì kan lórí rẹ̀ lè tọ́ka sí ibikíbi nínú ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 375 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ má ṣe fi í tọ́ka sí oko ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì retí pé yóò máa rí òkìtì èédú: abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n bo iná èédú mọ́, ooru rẹ̀ kì í sábà pọ̀ tó ohun tí sátẹ́láìtì ń wá.

Ẹ lọ fi ojú rí i

Ààbò ló ṣáájú. Ẹni tó bá ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn, Èkìtì tàbí Òkè-Ẹ̀rọ ní Kwárà kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un ohun tí àwọn ajínigbé ti sọ igbó wa dà. Ẹ kò gbọ́dọ̀ dá wọ ibẹ̀. Ẹ sọ fún Baálẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọdẹ tàbí fijilanté ìlú ṣáájú yín, ẹ lọ ní àárọ̀, ẹ sì fi àsìkò tí ẹ ó padà sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnì kan nílé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ má lọ. Ẹ kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé "a kò tí ì débẹ̀", kí ẹ sì máa fi sátẹ́láìtì ṣọ́ ibẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi ṣí.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ tan GPS fóònù yín, ẹ dúró lójú kan, kí ẹ ya fọ́tò sí ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn, àríwá àti gúúsù. Ẹ ka kùkùté láàárín ìgbésẹ̀ ogún sí ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi okùn yí wọn ká, kí ẹ sì wọn okùn náà. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e: èyí tí ayùn onẹ́ńjìnnì gé máa ń dán, ti àdá máa ń rí págunpàgun, èyí tó ṣì ń ṣe oje kò tí ì pẹ́. Ibi tí wọ́n ti sun èédú kò ṣòroó mọ̀, nítorí ilẹ̀ rẹ̀ máa ń dúdú roboto, koríko kì í sì í tètè hù níbẹ̀. Nígbà kan tí àwòrán sọ fún mi pé ọ̀já igbó odò wa já ní ibì kan tí kò ju hẹ́kítà méjì lọ, roboto dúdú mẹ́jọ ni a kà níbẹ̀, kùkùté tó yí wọn ká kò ga kọjá orúnkún, odò náà sì ti ń kó erùpẹ̀ wọ inú ara rẹ̀ débi pé omi tí àwọn obìnrin ń pọn nísàlẹ̀ ti di pupa.

Bí ẹ bá bá ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kí wọn, kí ẹ má sì bá wọn jà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń sun èédú jẹ́ ará wa tí oko kò bọ́ mọ́, owó gáàsì tó ti wọ́n kọjá apá ọ̀pọ̀ ilé sì ń mú kí èédú tà. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ń rà á. Ìdáhùn yẹn máa ń wúlò ju orúkọ wọn lọ.

Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè ṣe nǹkan

Ojú ìwé kan tó. Ẹ kọ orúkọ igbó, ọjọ́ àwòrán méjèèjì, orúkọ sátẹ́láìtì, iye hẹ́kítà, ọjọ́ tí ẹ lọ síbẹ̀, àwọn tí ẹ jọ lọ, àti ohun tí ẹ kà. Ẹ lẹ àwòrán méjèèjì mọ́ ọn, ti àtijọ́ lápá òsì, tuntun lápá ọ̀tún. Ohun tí ẹ rí nìkan ni kí ẹ kọ. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tí ẹ fura sí. Ẹ fún Ọba tàbí Baálẹ̀ ní ẹ̀dà kan, ẹ fún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní ọ̀kan, kí ẹ sì mú ìkẹta lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó igbó, kí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á. Ẹ má ṣe gbé nọ́ńbà GPS ibi tí igi ńlá ṣì wà sórí Facebook tàbí WhatsApp, nítorí àwọn onígẹdú náà ń ka ohun tí a ń kọ.

Mo ń tẹnu mọ́ gbígbé e délẹ̀ yìí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bràsíìlì. Láti ọdún 1988 ni iléeṣẹ́ INPE tiwọn ti ń fi sátẹ́láìtì wọn igbó Amásónì, ṣùgbọ́n ní ọdún 2004, igbó tí wọ́n pàdánù ṣì tó kìlómítà 27,772 níbùú lóròó. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ DETER, tó ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ kíákíá sí àwọn òṣìṣẹ́ tó lè wọ igbó lọ mú ènìyàn. Pẹ̀lú òfin mìíràn tí wọ́n fi kún un, ó wálẹ̀ sí 4,571 ní ọdún 2012. Nígbà tó fi di ọdún 2021, tí ọwọ́ àwọn agbófinró ti dẹ̀, ó tún ti gòkè kọjá 13,000. Sátẹ́láìtì kò fìgbà kankan dákẹ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ní ti tiwa, ojú ìwé kan ṣoṣo lórí hẹ́kítà méjì yẹn ló mú kí àwọn àgbà jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń rà èédú náà. Wọ́n fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé igi ní ìwọ̀n mítà 30 sí etí odò ní ìhà méjèèjì. Mo yan 30 fún wọn nítorí pé píksẹ̀lì Sentinel-2 mẹ́ta ló wọ̀ ọ́, a ó sì lè rí i láti òkè bí wọ́n bá wọ ibẹ̀.

Ẹ máa fi ọdún, oṣù àti ọjọ́ sọ orúkọ fáìlì yín, bíi 2024-11-16, kí wọ́n lè tò ara wọn, kí ẹ sì pa wọ́n mọ́ sí ibi méjì ó kéré tán, torí fóònù ń bọ́ sọ́wọ́ olè. Ẹ kọ́ ẹnì kan sí i ní iṣẹ́ yìí. Níbi tiwa, Sátidé kẹta oṣù Bélú ni a yà sọ́tọ̀: alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni a máa ń tẹ àwòrán tuntun jáde, nígbà tí ó bá sì di aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọdẹ á ti máa dúró dè wá lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́wọ́.